Àna Méjì ní Canterbury

(Tíṣà ló bí ọkọ, Bíríkìlà ló bí ìyàwó. Ẹ̀gbá ni Tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Áńgílíkà paraku sì ni. Ará Ìsẹ́yìn ni Bíríkìlà, mùsùlùmí tí í kírun ní wákàtí rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tó ń gbé ní Chatham ló tì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ kí ọmọ tuntun lè ráyè sùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kàtídírà Canterbury ni.)

BÍRÍKÌLÀ: Àna mi, níbo la ó bọ́ bàtà sí?

TÍṢÀ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàtà yín wà lẹ́sẹ̀ yín. Ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Òtútù ilẹ̀ yìí kò mọ àna.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ̀yin náà lẹ ní ilé Ọlọ́run ni.

TÍṢÀ: Ilé Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ibí gba bàtà. Ẹ tẹ́tí sí mi. Ní ọdún 597, Póòpù Gregory rán Augustine láti Róòmù wá sí ilẹ̀ Kent yìí. Ọba Ethelbert ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ti gba ìgbàgbọ́ ṣáájú, èyí ló…

BÍRÍKÌLÀ: (Ó gbójú sókè.) Háà! Háà! Yéè!

TÍṢÀ: Mo mọ̀ pé ìtàn náà á wọ̀ yín lára.

BÍRÍKÌLÀ: Ìtàn wo? Òkè ni mò ń wò. Òkúta ni wọ́n fi ṣe àjà ilé! Òkúta, kì í ṣe pákó, kì í ṣe páànù. Kò sì sí rọ́ọ̀dù kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Ta ló ń dì í mú?

TÍṢÀ: Ọgbọ́n àwọn àgbà ayé ìgbà náà ni. Gótíìkì ni wọ́n ń pe irú ilé báyìí.

BÍRÍKÌLÀ: Orúkọ kì í gbé òkúta dúró, àna mi. Ẹ wá dúró níwájú mi. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti tèmi. Ó yá, ẹ fara tì mí.

TÍṢÀ: Gbogbo ènìyàn ń wò wá o.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Ẹ fara tì mí dáadáa! Ẹ rí i, ọwọ́ wa pàdé lókè, a kò lè ṣubú síwájú. Ẹsẹ̀ wa ńkọ́?

TÍṢÀ: Ó ń yọ̀ sẹ́yìn. Àna mi, ó ń yọ̀ o!

BÍRÍKÌLÀ: Ó ṣe é! Bí ògiri náà ṣe ń fẹ́ là síta nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe orí àjà ní róbótó, ẹrù púpọ̀ ni yóò máa ti ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ṣe é ṣóńṣó bí èyí, ẹrù púpọ̀ á gba orí òpó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìpìlẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ti fi òkúta rọ̀bọ̀tọ̀ tì í lẹ́yìn níta. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè gbé ògiri kúrò láàárín òpó méjì, kí wọ́n fi gíláàsì aláràbarà dí ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní Ìsẹ́yìn, bí mo bá lu fèrèsé tó tóbi tó yìí fún oníbàárà, ọlọ́pàá ni yóò wá kó mi.

TÍṢÀ: Ṣé mo lè sọ ọwọ́ kalẹ̀ báyìí? Ọmọbìnrin kan ti yà wá ní fọ́tò. Ó rò pé à ń jó ni.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣé, òpó rere ni yín.

TÍṢÀ: Mo gbà á ní oríire. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, mi ò fẹ́ kí owó tí àwọn ọmọ san lẹ́nu ọ̀nà ṣòfò.

BÍRÍKÌLÀ: Owó kẹ̀? Wọ́n ń gbowó kí ènìyàn tó wọ ilé Ọlọ́run?

TÍṢÀ: Arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í san kọ́bọ̀.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Áńgílíkà gan-an ló san owó arìnrìn-àjò afẹ́? Ẹ ò ṣe kàn sọ fún wọn pé ìsìn lẹ bá wá?

TÍṢÀ: Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti san án kí n tó mọ̀. Ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣẹ́ ẹ sí náírà o, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

BÍRÍKÌLÀ: (Ó ti ń ṣẹ́ ẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.) Àna mi, ẹ wá nǹkan kan fi ẹ̀yìn mi tì.

(Wọ́n dé apá àríwá, níbi tí irin idà gbọọrọ gbé rọ̀ sára ògiri.)

TÍṢÀ: Ibí gan-an ni. Ibí ni wọ́n pa Thomas Becket sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170.

BÍRÍKÌLÀ: Irin yìí kọ́ ni wọ́n fi pa á. Wẹ́dà òde òní ló ṣe é. Ẹ wo bó ṣe jó o pọ̀.

TÍṢÀ: Àmì ni! Ọ̀rẹ́ ọba Henry Kejì ni Becket. Ọba fi í ṣe akọ̀wé àgbà ìjọba, nígbà tó di 1162, ó tún gbé e gorí oyè áàṣíbíṣọ́ọ̀bù, ó rò pé ẹni òun ti dé ibẹ̀, ìdààmú ti tán. Bí Becket ṣe gorí oyè báyìí, ó ní ti Ọlọ́run lòun ń ṣe. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé bí àlùfáà bá hùwà ọ̀daràn, ṣé ilé ẹjọ́ ọba ni yóò dá a lẹ́jọ́ ni àbí ti ìjọ.

BÍRÍKÌLÀ: Ti ọba. Ọba jàre.

TÍṢÀ: Àna mi! Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà gbé ta sílẹ̀!

BÍRÍKÌLÀ: Bí lèmọ́mù bá jí àgbò mi, ṣé lèmọ́mù mìíràn ni n ó gbé e lọ bá? Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

TÍṢÀ: Ọba sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú ní Faransé, bí ẹni tó ń béèrè bóyá kò sẹ́ni tó lè bá òun mú ọkùnrin yìí kúrò. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin mẹ́rin tó wà nítòsí gbọ́ ọ, wọ́n wọkọ̀, wọ́n rékọjá òkun, wọ́n wọ ibí ní ìrọ̀lẹ́ níbi tí àwọn mọ́ńkì gbé ń ṣe ìsìn. Kò pé ọdún mẹ́ta tí Póòpù fi kéde Becket ní ẹni mímọ́. Nígbà tó di 1174, ọba fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú yìí láti tọrọ àforíjì. Kò wọ bàtà. Àwọn mọ́ńkì sì nà án ní pàṣán.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ dúró ná. Kò wọ bàtà?

TÍṢÀ: Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

BÍRÍKÌLÀ: Ọba Gẹ̀ẹ́sì bọ́ bàtà, ẹ̀yin ní kí èmi má bọ́ tèmi! Ta nínú àwa méjèèjì ló mọ ìwà ilé yìí?

TÍṢÀ: Ó dáa, ẹ bọ́ ọ. Tí ẹ bá gba òtútù, ọmọ yín ni nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ọmọ mi.

BÍRÍKÌLÀ: Rárá, mo ti bínú. N ò bọ́ ọ mọ́.

TÍṢÀ: Ọdún 1174 yẹn kan náà ni iná jó apá ìlà-oòrùn ilé yìí. Iná ṣẹ́ láti ilé kéékèèké tó ń jó nítòsí, ẹ̀ṣẹ́ná fò wọ abẹ́ òrùlé. Oníṣẹ́ òkúta ará Faransé kan, William ti ìlú Sens, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún pé kó tún un kọ́. Òun ló gbé irú ìkọ́lé tuntun yìí wọ ibí.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ ò sọ ohun tó ṣe é.

TÍṢÀ: Kí ló ṣe é?

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ wo tíṣà! Nígbà tí ẹ wà ní ṣáláńgá, mo bá ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ òkúta ibí sọ̀rọ̀ níta. Wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ tiwọn tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta títí dòní olónìí.

TÍṢÀ: Èdè wo lẹ fi bá a sọ̀rọ̀?

BÍRÍKÌLÀ: Ó wo ọwọ́ mi, mo wo ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta ìwé, ọmọ Ìlọrin, ló bá wa gbufọ̀ ìyókù. Ní ọdún 1178, pákó àgùnṣiṣẹ́ já mọ́ William lẹ́sẹ̀. Àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ló gbà wálẹ̀, pẹ̀lú òkúta àti igi tó ń ṣubú tẹ̀ lé e. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lè dìde mọ́. Orí ẹní ló wà tó ń pàṣẹ iṣẹ́, ó ní kí wọ́n gbé èyí síbí, kí wọ́n gé tọ̀hún kúrò. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, ó padà sí ìlú rẹ̀. William mìíràn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló parí ẹ̀. (Ó ṣí fìlà.) Ẹ̀yin ka orúkọ ọba méjì fún mi láti àárọ̀, ẹ ò ka ti ẹni tó já bọ́.

TÍṢÀ: (Ó ṣí fìlà tirẹ̀ náà.) Ẹ jàre lórí ìyẹn.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ tún un sọ.

TÍṢÀ: Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń sọ irú ẹ̀.

(Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ sẹ́yìn pẹpẹ. Àárín òkúta náà ti jẹ wọnú.)

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ wo iṣẹ́ tí kò ní àbójútó! Àtẹ̀gùn ti jẹ tán báyìí, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀?

TÍṢÀ: Ẹsẹ̀ àti orúnkún àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ló jẹ ẹ́. Àwọn míì ń fi eékún wọ́ gun òkè lọ síbi ibojì Becket. Wúrà àti òkúta iyebíye ni wọ́n fi bo ibojì náà títí di 1538, tí Henry Kẹjọ ní kí wọ́n fọ́ ọ, tó sì ní kí wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ ibẹ̀ wá fún òun. Àbẹ́là tó ń jó nílẹ̀ yẹn nìkan ló kù níbi tó wà.

BÍRÍKÌLÀ: Henry kan pa á, Henry kan kó ẹrù ẹ̀. Kí àwọn òyìnbó yìí ṣọ́ra fún Henry.

TÍṢÀ: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó gbé èmi wá nìyí. Inú ilé yìí ni wọ́n gbé fi ọmọ Yorùbá jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Samuel Àjàyí Crowther, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, ti di arúgbó nígbà náà, ó sì wà níjókòó tó ń wò ó. (Ó nu ojú.) Ọmọ Abẹ́òkúta!

BÍRÍKÌLÀ: Ọmọ ibo?

TÍṢÀ: Abẹ́òkúta.

BÍRÍKÌLÀ: Àna mi, mo ti gba púpọ̀ lọ́wọ́ yín lónìí. Òṣoògùn ni wọ́n bí Àjàyí sí, ìtòsí Ìsẹ́yìn wa. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, bíi ti ìdílé wa. Ọmọ ilé wa ni!

TÍṢÀ: Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ mùsùlùmí lẹ ń gba bíṣọ́ọ̀bù mọ́ mi lọ́wọ́?

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ̀sìn ni ti ẹ̀sìn, ẹ̀jẹ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀.

TÍṢÀ: Abẹ́òkúta ló ti wàásù. Abẹ́òkúta ló ti tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní 1846, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà.

BÍRÍKÌLÀ: Ìyá tó sọnù síbẹ̀ ni! Ẹni tó bá bá ewúrẹ́ mi lóko rẹ̀, ṣé ó ti di olówó ewúrẹ́?

TÍṢÀ: Ó dáa. Nígbà tí wọ́n kó Òṣoògùn lẹ́rú ní 1821, ìlú wo ni wọ́n kọ́kọ́ kó Àjàyí lọ?

BÍRÍKÌLÀ: (Ó dákẹ́.)

TÍṢÀ: Ẹ sọ ọ́. Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

BÍRÍKÌLÀ: …Ìsẹ́yìn.

TÍṢÀ: Kí ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀?

BÍRÍKÌLÀ: Ẹṣin ni. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn òyìnbó ń gbọ́ o.

TÍṢÀ: Ẹ ta ọmọ ilé yín, ẹ gba ẹṣin!

BÍRÍKÌLÀ: Èmi kọ́ ni mo tà á! Àna mi, èmi ni mo fún yín níyàwó o. Ìdọ̀bálẹ̀ tí ẹ dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, mo lè ní kí ẹ tún un ṣe lórí òkúta yìí.

TÍṢÀ: (Ó rẹ ohùn sílẹ̀.) Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká pín in. Ẹ̀yin ẹ mú ìbí, àwa a mú ìwàásù.

BÍRÍKÌLÀ: Ìyá ẹ̀ ńkọ́?

TÍṢÀ: Ìyá di ti gbogbo wa.

(Wọ́n ti jáde síta. Ilé ìṣọ́ ńlá àárín, Bell Harry, dúró lókè orí wọn.)

TÍṢÀ: Òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí èyí. Gíga rẹ̀ tó mítà méjìléláàádọ́rin. Ẹ wo bí òkúta náà ṣe dán. Láti Caen ní Faransé ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta wá síbí láti ayébáyé.

BÍRÍKÌLÀ: Àna mi, mo ń dúró de ibí yìí láti àárọ̀ ni. Ìta nìkan ni òkúta. Bíríkì ló wà nínú ẹ̀.

TÍṢÀ: Irọ́ ni.

BÍRÍKÌLÀ: Bíríkì! Bí ìdajì mílíọ̀nù bíríkì! Ọ̀rẹ́ mi oníṣẹ́ òkúta ló sọ bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onígi ńlá tí wọ́n fi ń fa ẹrù sókè ṣì wà níbẹ̀, inú ẹ̀ ni lébìrà máa ń rìn kó lè yí. Òkúta ló wà níwájú tó ń gba ìyìn, bíríkì ló wà lẹ́yìn tó ń ru ẹrù. Tíṣà nìyẹn, bíríkìlà sì nìyí.

TÍṢÀ: Ẹ ti ń wá ọ̀nà láti sọ ìyẹn látìgbà ìdána. Ó yá, kí ni ká wí fún àwọn ọmọ bí a bá délé? Kí lẹ rí sí ilé yìí?

BÍRÍKÌLÀ: Iṣẹ́ náà dáa. Ẹni tó kọ́ ọ kò jí sìmẹ́ńtì oníbàárà.

TÍṢÀ: Ha-ha! Mo mú yín! Kò tíì sí sìmẹ́ńtì nígbà náà rárá. Ẹfun ni wọ́n fi ń mọ ọ́n.

BÍRÍKÌLÀ: Ìdí ẹ̀ nìyẹn.