Irin Tí Mo Yàn fún Oko

Ìwé tí mo ti kà nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ ju ebè tí mo ti kọ lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí mo gba ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn láti gbin iṣu, mo kéde nílé pé n kò ní fọwọ́ kan ọkọ́. Katakata kékeré ni mo máa rà, èyí tí èèyàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dúpẹ́, ta ni yóò wá máa wà á fún yín?" Mo rín ẹ̀rín àwọn tó mọ̀wé. Èmi tí mo ti wa mọ́tò lọ Sókótó, tí mo sì wà á bọ̀!

Ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rí i pé ẹ́ńjìnnì nìkan kì í ro oko. Irin tí a bá so mọ́ ọn nídìí ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń tà á to irin sílẹ̀. Irin ìtúlẹ̀ wà níbẹ̀, tó ń gé ilẹ̀, tó ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Ríjà wà níbẹ̀, tó ń la ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ó lè di ebè gbọọrọ. Irin olóbẹ náà wà níbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń yí bírí, tó ń gé ilẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, irú ilẹ̀ wo lẹ ní? Ṣé òkúta wà níbẹ̀? Koríko wo ló wà lórí rẹ̀?"

Dípò kí n dá a lóhùn, ìtàn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa fún un. Mo sọ nípa Arthur Clifford Howard, ọmọ Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán irin olóbẹ wò lóko bàbá rẹ̀ lọ́dún 1912. Mo ṣàlàyé bí ọ̀bẹ tó kọ́kọ́ lò ṣe ń da ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí ó fi tẹ ọ̀bẹ náà bíi lẹ́tà L. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì ka owó mi. Irin olóbẹ ni mo gbé, nítorí òun ni wọ́n kùn ní pupa.

Nígbà tí mo dé oko, mo rí ọ̀pá irin kan tó yọ ṣóńṣó lẹ́yìn àwọn ọ̀bẹ. Mo pinnu pé wọ́n fi ń gbé katakata dúró ni nígbà tó bá ń sinmi. Mo fi sípánà tú u, mo jù ú sínú bùútù. Mo wá ké sí Bàbá tí oko ẹ̀gẹ́ wọn bá tèmi pààlà pé kí wọ́n wá wo ọ̀làjú.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni, ilẹ̀ ṣì le koko, yangí sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ki í sí jíà báyìí, katakata fò sókè. Ibi tí táyà ń yí sí ni ọ̀bẹ ń yí sí; nígbà tí wọn ò rí ilẹ̀ gé, wọ́n di ẹsẹ̀. Ọ̀pá tí mo tú yẹn ni ì bá gún ilẹ̀, kí ó dá katakata dúró díẹ̀ kí ọ̀bẹ lè ráyè jẹ ilẹ̀. Ó ń sáré, mo ń sáré tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi òsì ń wá a nínú erùpẹ̀, tọ̀tún ń wá bíréèkì. A gba àárín ẹ̀gẹ́ Bàbá kọjá. Òkìtì ọ̀gán ló gbà mí sílẹ̀.

Bàbá wo ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n wò mí. "Tíṣà, ẹ kú eré ìje o."

Mo sanwó ẹ̀gẹ́. Mo dá ọ̀pá padà sí àyè rẹ̀, mo dúró kí òjò rọ̀ dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ kúnná bí èlùbọ́, mo sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Èyí tí n kò fi ránṣẹ́ ni ohun tó hù lẹ́yìn náà. Koríko ẹ̀kan ló kún ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó sì ní oríkèé-oríkèé. Gígé tí ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, gbogbo èyí tó ní oríkèé ló tún hù. Ẹ̀kan ni mo fi owó ara mi gbìn. Bàbá ń kọjá lọ, wọ́n ní, "Ẹ̀kan yín mà dára o, Tíṣà. Ṣé ẹ fẹ́ fi bo ilé ni?"

Bàbá kan náà ló là mí lọ́yẹ. Irin ìtúlẹ̀ ló yẹ ilẹ̀ ẹ̀kan, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, kí gbòǹgbò lè kọjú sókè, kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì gbẹ ẹ́ pa. Ẹ́ńjìnnì kì í yí irin yìí, táyà ló ń fà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so irin wúwo mọ́ táyà kí ó má baà máa yọ̀. Ní ti ebè iṣu, kò sí èyí tó lè kọ ọ́ nínú gbogbo irin tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù; ebè gbọọrọ ti ríjà ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ọkọ́ wá ni mo sanwó fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra katakata kékeré, ẹ kọ́kọ́ bu ilẹ̀ oko yín sọ́wọ́, kẹ́ ẹ fún un. Bí ó bá lẹ̀ mọ́wọ́, ẹ má tíì ro ó. Bí ó bá rún, àsìkò ti tó. Irin olóbẹ dára fún ilẹ̀ tó mọ́ tó sì rọ̀, ríjà dára fún ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún, irin ìtúlẹ̀ ni ti ilẹ̀ koríko. Bí ọlọ́jà bá sì bi yín pé irú ilẹ̀ wo lẹ ní, ẹ dá a lóhùn kẹ́ ẹ tó yọ owó.