Ìtọ̀ Mẹ́rin Nídìí Ayò Kan

Fìlà òfì mi ti dé orí àna mi ní Ṣakí, kò sì ní padà wá sí Ìsẹ́yìn mọ́. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ tó ròyìn mi káàkiri, ẹ jẹ́ kí èmi tí ọ̀ràn náà dé bá kọ́kọ́ sọ tẹnu mi, nígbà tí ìgò àgbo ṣì wà lórí tábìlì, tí ààbọ̀ tó kù nínú rẹ̀ ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Póòkà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, ló kó bá mi. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìsẹ́yìn, n kò sì tíì fojú kan ẹni tó ń ta póòkà ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan, mo wo fídíò àwọn ọ̀gá tó ń fi owó rẹpẹtẹ ta á ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti délé, wọ́n á kó gbogbo bí wọ́n ṣe ta káàdì lọ́jọ́ náà sínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní solver, ẹ̀rọ á sì fi ibi tí wọ́n ti ṣì í ta hàn wọ́n. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, ní Pittsburgh, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Libratus kojú mẹ́rin nínú irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fún 20 ọjọ́. Ìgbà 120,000 ni wọ́n pín káàdì, ẹ̀rọ ló sì lérè. Mo ní, há à! Bí ẹ̀rọ bá lè pa ẹni tó di káàdì mọ́yà, kí ni ayò tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní gbangba lójú ọpọ́n fẹ́ fi ṣe é?

Mo tẹ “ayò” sórí fóònù kí n lè rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó kà á sí “ayọ̀”, orin ìgbéyàwó ló kó jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó sú mi. Oware, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Gánà, ni mo fi rí i níkẹyìn. Ibi tí mo ti fi àwàdà sílẹ̀ rèé o: ó dùn mí. Àwa la bá ayò lábẹ́ igi, àwa náà la ń lé ọmọ kúrò nídìí ọpọ́n pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ẹlòmíràn wá gbé ohun tí a pè ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, ó fi ṣe iṣẹ́ yunifásítì.

Òótọ́ ni mo ń sọ. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal, ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam, tú àṣírí awari, ìbátan ayò wa. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá kù lójú ọpọ́n, ta ni yóò ni ín? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí méjì bá kù ńkọ́? Bí ọmọ bá ti pọ̀ sí i, tí wọ́n ta á tí wọ́n sì jẹ méjì tàbí mẹ́ta, inú ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ náà ló máa bọ́ sí. Báyìí ni wọ́n ń gun un bọ̀ láti orí ọ̀kan títí dé 48. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ló ṣiṣẹ́ náà fún wákàtí 51, oríṣi ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà lójú ọpọ́n tí wọ́n yẹ̀ wò sì lé ní bílíọ̀nù 889. Kí lèsì rẹ̀? Ọ̀mì. Bí ẹni méjì bá ń ta ayò láìṣì í ta, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Ó yẹ kí èyí ti kìlọ̀ fún mi. Ẹ̀rọ orí fóònù mi kò sì tó ọmọ ọ̀dọ̀ ìyẹn. Iwájú díẹ̀ ló lè wò: bí mo bá ta báyìí, bí ó bá ta tọ̀hún, bí mo bá tún ta báyìí. Bó bá ti wò ó débì kan, agbára á pin, á sọ èyí tó rò pé ó dára jù. Oṣù méjì ni mo fi jókòó tì í lálaalẹ́. Mo rò pé mo ti kúrò ní ọ̀pẹ tí kò mọ ayò ta, mo ti di ọ̀ta.

Sátidé tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ kí àwọn àna mi ní Ṣakí. Ọyẹ́ mú débi pé Òkè Àsabàrí dà bí ẹni tó faṣọ bojú. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi, ti wà lábẹ́ igi òrí pẹ̀lú ọpọ́n wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì gbọn eruku kúrò láyà tí ẹnu mi ti já: “Bàbá, bí ẹ bá pa mí láyò, fìlà orí mi yìí di tiyín.”

Bàbá ní Mùsùlùmí làwọn, àwọn kì í ta tẹ́tẹ́. Wọ́n tún wo fìlà náà. “Àmọ́ bí àna ẹni bá fún ni lẹ́bùn, a kì í kọ̀ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí èmi máa gbà bí mo bá pa wọ́n. Ó yẹ kí ìyẹn náà ti kìlọ̀ fún mi.

Ètò mi rọrùn. Bọ́rọ̀ bá ti le, n ó ní mo fẹ́ yà sẹ́yìn ilé. Ní ṣáláńgá, n ó yọ fóònù, n ó to ọmọ ayò sí ilé méjèèjìlá bí mo ṣe rí i, n ó bi ẹ̀rọ léèrè, n ó sì padà wá ta ohun tó wí. Àwọn tó mọ póòkà ta, ilé ni wọ́n ti ń bi ẹ̀rọ tiwọn. Ẹni tó bá gbé e dé ìdí tábìlì, olè ni. Mo mọ̀. Mo ṣe é.

Ìtọ̀ kìn-ín-ní: mo dé, mo jẹ márùn-ún. Ìtọ̀ kejì: mo jẹ mẹ́ta, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Bàbá kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo ẹsẹ̀ mi. Ní ìtọ̀ kẹta, ìyá ìyàwó mi wà létí kànga.

“Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o?”

“Ọyẹ́ ni, Mà.”

“Ọyẹ́ kẹ̀? Ìkẹta rèé, mo sì ń kà á.” Kí n tó jáde, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá obìnrin kejì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sì gbọ́ “àtọ̀gbẹ” níbẹ̀.

Ẹ wá bá mi dé ìtọ̀ kẹrin. Mo ti jẹ mẹ́jọ, Bàbá ti jẹ mẹ́sàn-án. Ọmọ mẹ́rin wà nínú ilé karùn-ún mi. Bí mo bá tú u, ọ̀kan á bọ́ sí ilé kẹfà mi, mẹ́ta yòókù á bọ́ sí ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ ti Bàbá. Ẹ sì mọ òfin: bí ọmọ ìkẹyìn bá sọ ilé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, a ó jẹ ẹ́, a ó sì jẹ èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ṣáláńgá, mo rántí pé méjì, ọ̀kan, méjì ló wà níbẹ̀. Wọn yóò di mẹ́ta, méjì, mẹ́ta. Mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ̀rọ ní, ta á. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sínú ihò.

Mo padà, mo tú ilé karùn-ún, mo ń kà á sókè bí akéwì. Bí ìkẹrin ṣe bọ́ ni mo ti na ọwọ́ láti kó o. Bàbá di ọrùn ọwọ́ mi mú.

“Kà á.”

Mo kà á. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mẹ́ta ló wà nínú ilé kẹta yẹn látilẹ̀, kì í ṣe méjì. A kì í jẹ mẹ́rin. Bí ìyẹn kò sì ti ṣe é jẹ, kò sí ọ̀nà láti jẹ méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ̀lú àwọn tí a ti jẹ, ọmọ 47 ni mo kó sínú ẹ̀rọ dípò 48, ọ̀kan sọnù láàárín igi òrí àti ṣáláńgá. Ẹ̀rọ kò bi mí pé èyí tó kù dà. Ó dá mi lóhùn dáadáa nípa ọpọ́n tí kò sí níbì kankan láyé.

Bàbá wá ṣí odù wọn. Ọmọ 17 ni wọ́n ti ń kó jọ sílé kẹrin wọn láti àárọ̀, èmi ń sáré lọ tọ̀. Wọ́n tú u yí ọpọ́n po, wọ́n fo ilé tó ti jáde, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì. Ilé mẹ́rin àkọ́kọ́ mi, tó jẹ́ pé òfo àti ọ̀kan-ọ̀kan ló wà nínú wọn, gba méjì-méjì. Mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, méjì. Wọ́n kó mẹ́wàá bí ẹni ń gbá ilẹ̀.

“Ọ̀pẹ,” ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́.

Àkókò yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó mi dé pẹ̀lú àgbo nínú ife ńlá. “Ẹ dúró ná, kí ó mu èyí. Ìtọ̀ yẹn ti pọ̀ jù.” Gbogbo ojú kọ mí. Bí mo bá ní n kò ṣàìsàn, wọn á bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe ní ṣáláńgá. Mo mu ún. Ó korò débi pé etí mi gbọ́ ọ. Kò pẹ́, ìtọ̀ gidi dé, ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ dìde.

“Ta tìẹ ná,” ni Bàbá wí.

Báyìí ni mo ṣe ta ìyókù ayò náà, tí mo di itan mọ́ra, tí omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó parí, Bàbá jẹ 30, èmi jẹ 18. Mo ṣí fìlà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, mo sì sáré.

Ìyá ìyàwó mi tún fún mi ní ìgò àgbo kan mú bọ̀ wálé. Láràárọ̀ ni ìyá ìyàwó mi ń pè láti béèrè iye ìgbà tí mo tọ̀ mọ́jú, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn. Lánàá, lẹ́yìn tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, Bàbá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní fìlà náà bá àwọn mu gan-an ni. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àna mi, ìtọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti mọ ayò ta báyìí?”