Òpó Tó Yó Ní Ore

Tíṣà ìṣirò ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn, torí òun gan-an ló kó bá mi. Nígbà tí oníṣẹ́ díìṣì sọ iye tó máa gbà láti bá mi ri díìṣì DStv, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ wá wọn igun fún?

Sátẹ́láìtì tí DStv ń lò fún wa wà ní dígírì 36 ìlà-oòrùn, ó fi nǹkan bí 36,000 kìlómítà ga ju ilẹ̀ lọ. Mo ṣírò rẹ̀ láti Ore, ìlú wa: kí díìṣì kọjú sí ìlà-oòrùn, kó yà díẹ̀ sí gúúsù, kó wòkè ní dígírì 53. Ìṣirò yẹn pé. Òun nìkan ló pé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ri páìpù irin tí díìṣì máa dúró lé mọ́lẹ̀, mo da sìmẹ́ǹtì sí i nídìí. Kó lè dúró ṣánṣán, mo di ojú kan, mo fi wé igi àgbọn ilé kejì. Àgbọn! Èwo nínú wọn ló dúró ṣánṣán rí?

Mo fa protractor Tóbi ọmọ mi yọ nínú mathset rẹ̀, mo gbé e lé ojú díìṣì, mo fún un ní 53. Díìṣì sùn gbalaja bí àtẹ tí wọ́n fẹ́ sá láfún sí. Mi ò mọ̀ pé irú díìṣì yìí máa ń díbọ́n ni: ìsàlẹ̀ ni LNB rẹ̀, ojú tó fi ń gba àwòrán, wà, kì í ṣe àárín, nítorí náà ibi tó ń wò fi ohun tó lé ní dígírì 20 ga ju ibi tó kọjú sí lọ. Ó dà bí ọmọ tó doríkodò níwájú bàbá rẹ̀, tó ń yọ́ ẹran wò lókè pẹpẹ. Kọ́ńpáàsì fóònù mi ńkọ́? Ara páìpù irin náà ni mo gbé e tì. Ìlú Okitipupa ló júwe fún mi, kì í ṣe ìlà-oòrùn.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kejì, 2024, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire fẹ́ gbá àṣekágbá ife Áfíríkà ní Abidjan. Àwọn ará ilé kún pálọ̀. Èmi wà níta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé o!"

Ní ìṣẹ́jú 38, gbogbo àdúgbò pariwo. Troost-Ekong ti fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún wa. Etí ni mo fi wo góòlù yẹn.

Nígbà ìsinmi, ọmọṣẹ́ bíríkìlà kan so àgádágodo mọ́ òwú, ó so ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù náà. Ó wò ó títí.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Òpó yín ti yó."

Ó fi dígírì 6 dagun. Tí díìṣì bá fi dígírì 1 péré ṣìnà, ó ti fi ohun tó lé ní 600 kìlómítà tàsé lókè lọ́hùn-ún. Sìmẹ́ǹtì sì ti gan. Àwọn àgbà ìlú yìí ṣì ń sọ ìtàn ìjà Ore ti 1967, nígbà ogun abẹ́lé. Kí wọ́n fi tèmi àti páìpù yìí kún un.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ díìṣì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, à ń yí i sọ́tùn-ún, sósì. Kessié dá góòlù padà fún Côte d'Ivoire, a ò rí i. Ìyàwó mi ń ké láti ojú fèrèsé: "Ó ń bọ̀! Ó ti lọ! Ẹ dá a dúró níbẹ̀!"

Ní ìṣẹ́jú 81, àwòrán mọ́ kedere. Mo sáré wọlé, mo bá Haller tó ń ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa.

Pálọ̀ pa lọ́lọ́.

"Bàbá Tóbi," ni ìyàwó mi wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀."