First Body Bàbá Kẹ́mi

Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n bu ẹ̀kọ fún yín, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ẹ sì mọ̀ mí o, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa níbí, ní Òkè-Adó, ni mo ń pàtẹ sí. Ohun tó bá gba iwájú mi kọjá ni mo ń rí, èyí tí mo bá sì rí ni mo ń sọ. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Àbí kí n máa fọwọ́ bojú tajà ni?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá Kẹ́mi ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n, Camry pupa tó máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n bi yín, ta ló ń sọ ọkọ̀ lórúkọ nílùú yìí gan-an? Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó ní 1975, Ìjàpá ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀yìn ẹ̀ ti mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ayé wá dayé Honda. Ọ̀kan ń jẹ́ Baby Boy, òmíràn ń jẹ́ End of Discussion, wọ́n tún gbé òmíràn dé, wọ́n ní Evil Spirit lorúkọ tiẹ̀. Díákónì kan ládùúgbò wa ra èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí, ó wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n bá a gbàdúrà sí i. Pásítọ̀ ní irú ọkọ̀ wo nìyí, kóun lè dárúkọ ẹ̀ níwájú Olúwa. Díákónì wolẹ̀, akọrin kan ló bá a dáhùn láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n ṣe àmín. Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹn-ẹ́n, Big Daddy. Láti ọjọ́ tí Bàbá Kẹ́mi ti ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn tó kó o gba Kútọnu wọlé, etí wa ò sinmi. First body ni! Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ṣì wà nínú ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi kùn ún ni, tí pẹ́ńtà kankan ò tíì fọ́n nǹkan sí lára. Owó ẹ̀ máa ń ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ lọ́jà. Bàbá Kẹ́mi á sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, á sọ ọ́ nípàdé àdúgbò, wọ́n ní ó sọ ọ́ níbi òkú àbúrò ìyá ìyàwó ẹ̀ pàápàá: "Ọkọ̀ tèmi yìí, bí wọ́n ṣe bí i ló wà." Ìyá Kẹ́mi á kàn máa wolẹ̀. Ẹ fi wíwolẹ̀ yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Àmọ́ oòrùn ò mọ first body. Oòrùn pa á, eruku ọyẹ́ bò ó, pupa ẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ẹ tún wá kó tàwọn ẹ̀gà mọ́ ọn. Orí igi máńgòrò yẹn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, ohun tí wọ́n bá sì jẹ, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dá a padà sí. Ìgbẹ́ ẹyẹ sì mú, bí oòrùn bá ti pa á mọ́ ara ọkọ̀, jíjẹ ló ń jẹ ọ̀dà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ìgbéyàwó Kẹ́mi fi wọlé dé. Ìjẹ̀bú làwọn àna. Ẹ mọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ìnáwó. Bàbá Kẹ́mi ní dandan, ọkọ̀ òun ni ìyàwó máa gùn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ ọkọ̀ di tuntun ní Bódìjà. Nígbà tí wọ́n dárúkọ iye, ó ní ṣé ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́ ni àbí ẹ fẹ́ rà á? Ló bá ṣẹ́rí ọkọ̀ padà sílé.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ṣì ń ko iná, ó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Ọṣẹ ìfọṣọ ló dà sínú omi tó ń hó kùṣùkùṣù. Kí ló tún mú dání? Kànrìnkàn! Kànrìnkàn tí Ìyá Kẹ́mi fi ń fọ ìdí ìkòkò! Ó ti gbé e sókè kó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí Wàsíù inú yàrá kejì fi yọ pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ní Àgòdì Gate ni.

"Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ dúró ná! Ẹ fẹ́ bó o láwọ̀ ni?"

Ó wá kúnlẹ̀ ti ọkọ̀, ó ń ṣàlàyé. Ó ní lórí ọ̀dà pupa yẹn, nǹkan kan tó mọ́ gaara tún wà lókè ẹ̀, klíà ni wọ́n ń pè é. Klíà ló ń dán, ọ̀dà kọ́. Kò sì nípọn tó irun orí ẹyọ kan. Kànrìnkàn á ha á, kì í sì í hù padà. Ọṣẹ ìfọṣọ ńkọ́? Ọ̀rá ló wá bá jà láyé, bí wáàsì bá ṣẹ́ kù lára ọkọ̀, á bó o dànù. Ọṣẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ ni kí Bàbá rà.

Bàbá Kẹ́mi wò mí. Mo wo ìkòkò mi.

Wàsíù bá gba iṣẹ́ náà ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló gbé kalẹ̀, ọṣẹ nínú ọ̀kan, omi lásán nínú ìkejì. Aṣọ tó bá ti kan ọkọ̀, inú omi lásán ló ń kọ́kọ́ lọ kó ṣan iyanrìn ẹ̀ sílẹ̀, kó tó padà sínú ọṣẹ. Ó ní iyanrìn tó há sínú aṣọ ló ń fa àwọn ilà róbótó-róbótó tí a máa ń rí bí oòrùn bá tàn sára ọkọ̀ dúdú. Orí òrùlé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, táyà ló fi kásẹ̀, aṣọ tiẹ̀ sì dá dúró. Ìgbẹ́ ẹ̀gà tó ti gbẹ, kò fi èékánná kàn án, aṣọ tútù ló fi lé e títí tó fi rọ̀. Láńlọ́ọ̀dù yọrí lójú fèrèsé, ó ní ta ló ń fi omi òun ṣòfò. Láńlọ́ọ̀dù tí kò tíì tún ẹ̀rọ omi ṣe! Kànga la ti fà á, bàbá, ẹ padà sùn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Nígbà tí ọkọ̀ gbẹ, Wàsíù wá bá mi: "Màmá Ẹlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀rá kan." Ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó rọra fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n wá fọwọ́ gbọ́ ọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo fojú mi méjèèjì rí pé ó ti mọ́ o! Lábẹ́ ọ̀rá yẹn, ṣe ló ń rún ọwọ́ mi wọ́rọ́wọ́rọ́ bíi gààrí tí wọn ò sẹ́. Wàsíù ní irin wẹ́wẹ́ inú atẹ́gùn àti oje igi ló lẹ̀ mọ́ ọn, ọṣẹ ò sì lè ká a. Ó yọ amọ̀ kan tó rọ̀ jáde, wọ́n ń tà á ní Gate. Ó fi omi ọṣẹ mú ara ọkọ̀ yọ̀, ó ń fa amọ̀ yẹn lórí ẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó sì ń yí inú ẹ̀ síta. Mo tún ki ọwọ́ bọ ọ̀rá. Ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀! Ó ní bí amọ̀ yẹn bá fi lè jábọ́ sílẹ̀ pẹ́rẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ nù ni, torí yóò ti gbé iyanrìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà wá dé. Wàsíù ní kóun tó fi kọ́ńpáùn kùn ún, ìyẹn ìpara tó ń ha ojú ọ̀dà díẹ̀ kó lè dán, òun gbọ́dọ̀ mọ irú ọ̀dà tóun ń bá ṣe. Ó mú aṣọ funfun, ó fi kọ́ńpáùn bíńtín sí i. Ó ní bí aṣọ bá dọ̀tí lásán, klíà wà níbẹ̀. Bí aṣọ bá mú àwọ̀ ọkọ̀, ọ̀dà gbẹrẹfu ni, wọn ò fi klíà bò ó. Ó nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdọ̀tí lásán. Ó nu òrùlé, ìdọ̀tí lásán. Bàbá Kẹ́mi ń yan kiri: "Mo wí fún yín! First body!"

Ìyá Kẹ́mi ké láti inú ilé: "Wàsíù, ọmọ mi, wá jẹun ná. Iyán ni o!" Ẹ gbọ́, ta ló ń gún iyán láàárọ̀ Sátidé fún ọmọ yàrá kejì? Ọmọ yẹn ní òun ń bọ̀, Màmá, ó ku ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Ó nù ún. Ó gbé aṣọ sókè. Aṣọ pọ́n wẹ̀!

"Bàbá, wọ́n ti kun ilẹ̀kùn yìí rí."

Bàbá Kẹ́mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gba aṣọ, ó fi òdìkejì ẹ̀ nù ún fúnra ẹ̀, ìyẹn náà pọ́n. Ló bá fìbínú já lu àwọn tó ta ọkọ̀ fún un: "Àwọn ará Kútọnu ti rẹ́ mi jẹ!" Ó ń wá nọ́ńbà wọn lórí fóònù. Ikọ́ dédé gbé Ìyá Kẹ́mi nínú ilé.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kútọnu kọ́. Nígbà kan tí Bàbá Kẹ́mi rìnrìn àjò lọ sí Kàdúná, Ìyá Kẹ́mi ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Níbi tó ti ń yí ọkọ̀ wọlé, òpó géètì ò kúrò lọ́nà fún un. Ojú mi ló ṣe! Wọ́n pe apánẹ́ẹ̀lì, wọ́n pe pẹ́ńtà, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn ti padà sípò. Ìkánjú ni pẹ́ńtà yẹn fi ṣe é, kò fọ́n klíà sí i. Ìyá Kẹ́mi wá bá mi lálẹ́ pẹ̀lú ànkárá ọ̀pá mẹ́fà. Èmi tí kò lè pa ẹnu mọ́ lórí ẹ̀kọ tó kan, mo pa á mọ́ lórí ilẹ̀kùn. Mi ò sọ fẹ́nì kankan títí dòní. Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ fẹ́nì kankan o.

Wàsíù ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀, ilẹ̀kùn á dán bí ìyókù, kóun ṣáà má tẹ̀ ẹ́ jù, torí níbẹ̀, ọ̀dà gan-an ni kọ́ńpáùn ń bù jẹ. Fóòmù ló fi fa kọ́ńpáùn sára ọkọ̀, ó ń mú un ní ibi kéékèèké, títí pupa àtijọ́ fi jáde. Ó fi ṣáńpépà 1000 àti 2000 pẹ̀lú omi bó àwọ̀ rúsúrúsú tó bo iná iwájú. Ìgbà náà ló tó ṣí agolo wáàsì.

Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀. Ó ní ìda ni, ara igi ọ̀pẹ kan tó ń jẹ́ carnaúba ni wọ́n ti ń rí i ní Brazil, ní Piauí àti Ceará. Ewé ọ̀pẹ yẹn ló ń fi ìda bo ara ẹ̀ kí oòrùn má baà fà á gbẹ. Wọ́n á sá ewé, wọ́n á nà án, ìda á gbọn sílẹ̀. Ooru gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 80 ti Celsius lọ kó tó yọ́. Ẹ tún wá wò ó, Piauí yìí bá Bahia pààlà, Bahia tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, tí wọ́n ṣì ti ń bọ Ògún títí dòní. Ògún tó ni irin náà kúkú mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ìpara ẹ̀!

Abẹ́ ibòòji ló ti fi í, nígbà tí ara ọkọ̀ ti tutù, tín-ín-rín sì ni. Ẹni tó bá fi í nípọn, nínù ló máa fi jìyà. Kò jẹ́ kó kan rọ́bà dúdú, torí funfun ló máa gbẹ sí i lára. Nígbà tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìka wò ó, kò fà mọ́, ó wá fi táwẹ̀ẹ̀lì onírun múlọ́múlọ́ nù ún. Ó wọ́n omi sí i, omi ń dì róbótó, ó ń yí lọ. Ibì kan ṣoṣo ló kọ̀, ẹ̀yìn òrùlé níbi tí klíà ti ṣí. Wàsíù ní wáàsì ò lè lẹ ìyẹn padà, ọwọ́ pẹ́ńtà ló kù sí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn Ìjẹ̀bú ní ṣé tuntun ni. Bàbá Kẹ́mi ní, "First body ni, àfi ilẹ̀kùn kan." Ìyá Kẹ́mi wolẹ̀.

Ẹ̀yin tó lọ́kọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Fífọ̀ dáadáa ni dídán, wáàsì kàn ń ṣọ́ ọ ni, oòrùn tiwa kì í sì í jẹ́ kó ju oṣù méjì sí mẹ́ta lọ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Ẹ dá kànrìnkàn padà sídìí ìkòkò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti gbé ọkọ̀ ọkọ yín kọ lu géètì, ẹ má fowó klíà du pẹ́ńtà. Iṣẹ́ àbọ̀ kì í bo àṣírí.