Ajá Bàbá Onílé Ti Lọ Síléèwé

Ẹ fà mọ́bí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́ lẹ́nu. Bàbá onílé wa ra ajá. Ajá òyìnbó o, irú ti Jámánì yẹn, èyí tí àwọn ọlọ́pàá máa ń fà kiri. Nígbà tí wọ́n gbé e dé nínú páálí, etí rẹ̀ ò tíì dìde, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, oṣù méjì péré ló tíì lò nílé ayé. Ìyá alákàrà wo inú páálí, ó ní, "Ṣé èyí náà ló máa lé olè?" Bàbá ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì látìgbà tí èéfín àkàrà ti ń wọ pálọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn wá lónìí.

Àbí ó kàn wá? Ẹ gbọ́ orúkọ tí Bàbá sọ ajá: Kílókànyín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ yìí, ẹni tí kò bá fẹ́ bá aládùúgbò rẹ̀ jà lójúkojú, ajá ló máa ń sọ lórúkọ. Bí Bàbá bá ti ké "Kílókànyín!" láàárọ̀, Ìyá alákàrà á ní òun ló ń bá wí. Tẹ́lọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, tí kò tíì san owó ilé, á ní òun ni. Èmi mọ ẹni tó ń bá wí gan-an, n ò ní sọ. Ajá nìkan ni kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Sójà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbé ọmọ ajá bọ́ sí àárín ọgbà: "Síìtì! Sítéè! Kọ́ọ̀mù!" Ó lè ṣe é fún odidi wákàtí kan. Ọmọ ajá á kọ́kọ́ gbìyànjú. Tó bá yá, á yán, á pọ́n ètè lá, á họ etí, á lọ máa gbóòórùn gọ́tà. Bàbá á ní olórí kunkun ni, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, bí ọdẹ bá ń fun fèrè láti àárọ̀ dalẹ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, ṣe ni ajá sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì Ìyá alákàrà, ó sùn lọ fọnfọn.

Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin yàrá kẹta ti dá sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ọmọbìnrin kan máa ń gbé abọ́ oúnjẹ wá fún lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ni. Àbúrò tí ojú wọn ò jọra rárá! Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, sà. Kò lágídí, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Ó ní ọmọ ajá lè fi wákàtí méjìdínlógún sùn lójúmọ́, pé ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó fún ẹ̀kọ́ kan, ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí èèyàn sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá ṣì ń wu ajá. Bàbá ní ní báráàkì, wọn kì í dáwọ́ dúró. Ọmọkùnrin náà ní lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Dẹ́ńmáàkì kọ́ àwọn ajá Beagle níṣẹ́ kan náà: àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ò nílò ẹ̀kọ́ tó àwọn tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, àwọn tí wọ́n sì ń kọ́ ní ránpẹ́ yára ju àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní àkọ́pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo wọn ṣì rántí.

"Dẹ́ńmáàkì," ni Bàbá wí. "Ṣé wọ́n ń jagun níbẹ̀ ni?"

Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó bu ẹ̀dọ̀ sísè díẹ̀, tó gé ní wínníwínní, ó mú ẹyọ kan sí imú ajá, ó rọra gbé e gba òkè orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ojú ajá tẹ̀ lé ẹran, orí rẹ̀ gbé sókè, ni ìdí bá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. "Jókòó," ẹ̀dọ̀ ti wọ ẹnu. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ó gbọn ọwọ́. Bàbá ní, "O ti parí?" Ó ní, "Ó ti tó, sà." Ajá sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún sí i.

Bàbá fẹ́ ṣe tiẹ̀. Kó tó ti ọwọ́ bọ àpò bùbá kó tó fà á jáde, ajá ti dìde, ìdìde ló wá sanwó fún! Ìyá alákàrà rẹ́rìn-ín títí àkàrà fi jóná.

Nígbà tó yá, a ṣe mítìn. Bàbá ń pe "Síìtì", Màmá onílé ń pe "Jókòó", àwọn ọmọ ń pe "Sìdáùn", ta ni kí ajá gbọ́ tiẹ̀? A fẹnu kò sórí "Jókòó". Orúkọ ló fẹ́ da mítìn rú. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní kí ó kúrú. Bàbá ní ajá ọdẹ mẹ́ta inú àlọ́ ńkọ́, tí orúkọ wọn kún ẹnu, ṣé wọn ò dáhùn ni? Níkẹyìn ó di "Kíló". Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí owó iná, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ti ìtọ̀, Màmá onílé ló gbà á: bó bá jí, bó bá jẹun, bó bá ṣeré tán, ìta ni. Ọmọ oṣù méjì ò lè dá a dúró ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn jù nìyí. Wọ́n ní kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni kí ọmọ ajá ti mọ oríṣiríṣi èèyàn àti ariwo, bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ títì títí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ á fi pé, nítorí àrùn Parvo. Ni Bàbá, ọ̀gá sójà, bá ń gbé Kíló mọ́ àyà káàkiri àdúgbò: ó dúró níwájú ẹ̀rọ ìlọta, ó dúró ti ọlọ́kadà, ó ń fún un ní ẹ̀dọ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀. Ìyá alákàrà náà ti gbé e mọ́ra. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí o.

Kíló ti pé oṣù mẹ́rin, ó ń jókòó, ó ń jẹ́ ìpè, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí mi, kó gbé bàtà rẹ̀ wọlé o. Eyín ló ń pààrọ̀ lọ́wọ́, ìkan nínú sálúbàtà tẹ́lọ̀ ti lọ.