Kọ́ọ̀sì Yíyàn Nínú Ìmọ̀ Okòwò

Ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìṣàkóso okòwò, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá bu tirẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó yan ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náà mọ akẹ́kọ̀ọ́ yàn: ẹni tó kọ akáúǹtì sí fọ́ọ̀mù JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé, lè bá orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ka mìíràn, kó sì tún ṣe ìdúpẹ́.

Kọ́ọ̀sì ọ̀ranyàn ló kún ọdún kìíní. Láìpẹ́, sítátísíìkì á yọjú sí àwọn tó torí ìṣirò sá fún sáyẹ́ǹsì.

Lọ́pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, yúnítì 24 ni òkè téńté tí akẹ́kọ̀ọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan. Ìbéèrè méjì péré ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń béèrè nípa kọ́ọ̀sì àṣàyàn: ṣé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, ṣé ọwọ́ olùkọ́ náà le? Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló ń kọ́kọ́ wọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì. Bí àkókò rẹ̀ bá kọlu ti kọ́ọ̀sì tuntun, tí wọ́n sì ní ẹni tí kò wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ṣèdánwò, ọ̀rẹ́ tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni í fara wé ló kù tó lè báni fọwọ́ sí ìwé orúkọ àwọn tó wá.