Ẹni Tó Sunkún Ni Kí Ẹ Bi

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò gbọdọ̀ dé yàrá lándílọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ ariwo ọjọ́ Sunday, àbí? Àwọn kan ti ń sọ ọ́ ká gbogbo Ogui ní Enugu níbí pé owó ilé ló dá a sílẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ọkọ Mama Ejima ni, nítorí obìnrin kan tó ń ta okpa. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe tọjọ́ Sunday. Bọ́ọ̀lù ló fà á. Ọmọ yunifásítì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó to orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Rangers tó dára jù láti 1970 sára ògiri ibi tí a ti ń tò fún omi. Ó fi Jay-Jay Okocha ṣe nọ́ńbà wáànù.

Ẹ sì mọ ibi tí a ń gbé. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní pápá Nnamdi Azikiwe, etí wa ti gbọ́ ọ kí rédíò tó sọ ọ́. Pàpá lándílọ́ọ̀dù ní ojú òun ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1970, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ebi ṣì ń pa ará ìlú. (Bí a bá ṣírò ọjọ́ orí tó pè fún wa lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, á jẹ́ pé inú ìyá rẹ̀ ló ti ń wòran. Mo dákẹ́, owó ilé tèmi náà ti lé.)

Pàpá ní ta ló kọ ìranù yìí? Ó ní ọmọ Enugu ni Okocha lóòótọ́, ó sì wọ jẹ́ẹ̀sì Rangers lọ́dún 1990, ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ló gba Jámánì lọ. Ọmọ náà ní, “Pàpá, góòlù tó gbá wọlé Oliver Kahn lọ́dún 1993 ńkọ́? Ó gé gbogbo wọn títí tí wọ́n fi ń ṣubú!” Pàpá ní, “Frankfurt ló gbá a fún. Lọ kọ ọ́ sára ògiri Frankfurt!”

Ó fi àkísà nu Okocha kúrò, ó kọ Christian Chukwu, ẹni tí wọ́n ń pè ní Chairman. Ó wá ń kà á lé wa lórí: líìgì 1974, 1975 àti 1977, ife Áfíríkà tí Rangers gbà lọ́wọ́ Canon Yaoundé lọ́dún 1977, ife Áfíríkà ti àwọn orílẹ̀-èdè lọ́dún 1980, tí Ààrẹ Shagari fi lé Chukwu lọ́wọ́ ní Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0. Mama Ejima, tó ń fọ ìkòkò, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ṣé ife Èkó yẹn, Rangers ló gbà á? Àbí òun náà yóò lọ sára ògiri Èkó?” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Obìnrin yẹn gbọ́n, ọkọ rẹ̀ ni kò mọ̀.

Nípa Chukwu, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Nígbà tí àìsàn dé bá a lọ́dún 2019, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tiwa, ló yọ $50,000 jáde fún ìtọ́jú rẹ̀. Mo ti rán Pàpá létí lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá lópin oṣù. Chukwu kú ní oṣù kẹrin 2025, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí: “Mama Bọ́sẹ̀, ìwọ ńkọ́?” Mo ní Emmanuel Okala, aṣọ́lé. Wọ́n ní kí ni ará Ìbàdàn mọ̀? Mo ní èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n bi! Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ Ìbàdàn tiwa, ló gba ife Áfíríkà tí Rangers padà gbà lọ́dún 1977 yẹn. A ṣì ń fi í yangàn nígbà tí Rangers pàdé wa ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá lọ́dún 1977. Ní Èkó, òdo sí òdo. Ní Kaduna, òdo sí òdo. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀ o, Múdà Lawal wà níbẹ̀, wọn ò rí àwọ̀n! Okala ga, ó fẹ̀, bí ẹni fi kọ́bọ́ọ̀dù dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wá fi pẹ́nárítì lé wa jáde, 4-2. Bàbá mi, télọ̀ ni ní Mọ́kọ́lá, kò fẹsẹ̀ kan máṣíìnì lọ́jọ́ kejì. Kò bú Chukwu rí títí ó fi kú. Okala nìkan ló ń ṣépè fún, lẹ́ẹ̀kan náà ló sì máa ń yìn ín. Olólùfẹ́ lè parọ́ mọ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹni tó sunkún nítorí rẹ̀ kì í parọ́.

Inú Pàpá dùn dé eyín, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ́lé kì í ṣe nọ́ńbà wáànù. Fọganáísà tó wá gba owó ní Dominic Nwobodo ni, ẹlòmíràn pariwo Atuegbu. Ni Pàpá bá yíjú sí mi: “Ní Shooting tiyín, ta ni?”

Mo ní Múdà Lawal, ẹni tó lọ sí ìdíje Áfíríkà márùn-ún léra, láti 1976 dé 1984. Ẹnu mi ò tíì padé tí bàbá Bọ́sẹ̀ fi ké láti inú yàrá pé Ọdẹ́gbàmí ni, ṣebí òun ló gbá méjì nínú mẹ́ta wọlé Algeria! Mo ní ta ló gbá ẹ̀kẹta? Ó ní n má fìyẹn dá òun lóhùn níwájú àlejò. Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì ló ń jẹ, kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé mo gbà pé Ọdẹ́gbàmí ni o.